Ojú Ọ̀gá Ló Gbé Páìpù Dúró

Orúkọ ọkùnrin náà gùn ju ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá débẹ̀ tí wọ́n bi yín pé ta lẹ ń wá, ẹ má ṣèèṣì sọ pé Ọ̀gbẹ́ni Oyèkànmí o. Olóyè lẹ ó kọ́kọ́ pè, Díákónì á tẹ̀ lé e, Ọ̀mọ̀wé á tẹ̀ lé ìyẹn (Kútọnù ló ti gba ti Ọ̀mọ̀wé, lọ́jọ́ kan péré, wọ́n tún fún un lóúnjẹ ọ̀sán mọ́ ọn), kí ẹ tó wá dárúkọ Babájídé Oyèkànmí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹni tó bá fo ọ̀kan nínú ẹ̀, ọ̀gá ò sí ní ọ́fíìsì, kó padà wá lọ́la.

Òun ni Olùdarí Àgbà fún Àjọ Ilé Alájà, ní Ring Road. Ẹ má dá ara yín láàmú láti lọ wá a. Inú ìtàn yìí nìkan ni àjọ náà wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ lè mọ ọ́fíìsì tó jọ ọ́. Iṣẹ́ wọn ò ju kí omi máa yọ, kí òrùlé má sì jò, nínú àwọn ilé tí ìjọba kọ́ fún òṣìṣẹ́. Omi ò yọ. Òrùlé ń jò. Ṣùgbọ́n kò síbi tí ẹ ó yíjú sí tí ẹ ò ní rí fọ́tò ọ̀gá. Ó wà lára kàlẹ́ńdà, ó wà lára ife, ó wà lára abẹ̀bẹ̀, ó wà lára ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń rẹ́rìn-ín jù. Nígbà tí ẹnì kan béèrè ìdí tó fi fi tibẹ̀ kún un, ó ní kí aráàlú lè mọ ẹni tó ń tán ìṣòro wọn ni.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́ ná, àṣà wa ni. Ilé wo ló wà n'Íbàdàn yìí tí kò ní abọ́ oníke tí ojú ẹni tí wọn ò mọ̀ rí wà nídìí ẹ̀? A ti jẹ ẹ̀bà tán lójú àwọn olóògbé tí a ò bá pàdé láyé. A ti bu omi ìwẹ̀ sórí ìyàwó oníyàwó. Kò sóhun tó burú ńbẹ̀. Abọ́ ẹ̀bà, ẹ̀bà ló ń gbé, ẹ̀bà ò sì wúwo. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀gá fẹ́ kí ojú òun gbé ohun tó ju ẹ̀bà lọ.

Àwọn ilé alájà kan wà ní Bódìjà, lápá ibi tí ọ̀nà ti ń lọ sí Agbówó, Ìrẹ̀pọ̀ ni wọ́n ń pè é. Páìpù tó ń gbé omi lọ sókè níbẹ̀ ti dípẹtà, ó ti jẹrà dànù, látìgbà náà ló sì ti di pé ẹni tó bá ń gbé òkè, orí ara ẹ̀ ni páìpù ẹ̀. Ní àjà tó ga jù ni Ìyá Bàdírátù ń gbé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí orúnkún rẹ̀ ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ bó bá ń gun àtẹ̀gùn. Bó bá gbé kẹ́ẹ̀gì omi, á gùn díẹ̀, á jókòó, á tún gùn díẹ̀, á tún jókòó, á máa pe Ọlọ́run rẹ̀ ní àjà kọ̀ọ̀kan. Ó ti lọ rojọ́ ní ọ́fíìsì Àjọ títí àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì fi ń kí i ní "Ẹ káàbọ̀ síbi iṣẹ́, Màmá." Lọ́jọ́ kan, ó tiẹ̀ ṣe kòńgẹ́ ọ̀gá fúnra rẹ̀. Ọ̀gá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì fún un ní abẹ̀bẹ̀ kan lọ sílé.

Nítorí náà, ẹ má rò pé orúnkún màmá ló jí ọ̀gá lójú oorun o. Ohun tó jí i ni pé Akọ̀wé Àgbà ilé-iṣẹ́ ìjọba tó wà lókè wọn fẹ́ fẹ̀yìn tì, Kọmíṣánnà sì ti sọ ọ́ létí gbogbo èèyàn pé ẹni tó bá ní iṣẹ́ tó ṣeé fojú rí nílẹ̀ lòun máa gbé ipò náà fún. Iṣẹ́ tó ṣeé fojú rí! Olóyè Oyèkànmí wo ilẹ̀, ó wo òkè, kò rí nǹkan kan tó ṣeé fojú rí àfi ojú ara rẹ̀. Ipò yẹn ló ti ń lá látìgbà tó ti wà ní kílákì. Ó tiẹ̀ ti ra àga tó máa máa jókòó lé níbẹ̀, ó gbé e sí pálọ̀ rẹ̀ l'Ólúyọ̀lé, ó fi ọ̀rá bò ó, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìdí kàn án. Ìgbà yẹn ló wá rántí pé omi ò yọ ní Ìrẹ̀pọ̀.

Ó pe ìpàdé. Gbogbo wọn dìde nígbà tó wọlé, wọ́n dúró títí tó fi jókòó, wọ́n dúró títí tó fi ká agbádá sí èjìká, wọ́n tún dúró nígbà tó ń wúkọ́. Bándélé ló ṣáájú àdúrà. Bándélé yìí ni olùrànlọ́wọ́ ọ̀gá, òun ló ń gbé báàgì rẹ̀, òun ló sì máa ń mi orí sí ọ̀rọ̀ ọ̀gá kí ọ̀gá tó sọ ọ́. Ó gbàdúrà náà débi pé bí ẹ bá ń gbọ́ ọ látòkèèrè, ẹ ò ní mọ̀ bóyá Ọlọ́run ló ń bẹ̀ ni àbí ọ̀gá.

Ẹnjiníà Ògúntúndé wá dìde. Òun ni orí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ nínú Àjọ. Ó kàwé, ó mọṣẹ́, ó sì ń retí ìgbéga tirẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó gbé irin kékeré kan sórí tábìlì, irin tó tẹ̀ róbótó, tó ní ẹsẹ̀ tí wọ́n máa ń kàn mọ́ ògiri.

"Kílíìpù nìyí, sà. Láti ibi pọ́ǹpù nísàlẹ̀ ni páìpù máa ti gba ara ògiri lọ bá táǹkì lórí òrùlé. Kílíìpù yìí ló máa dì í mọ́ ògiri látìsàlẹ̀ dókè, kó má baà yẹ̀. Ògùnpa ni mo ti rà á, ojúlówó ni."

Ọ̀gá mú kílíìpù, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó fi ìka méjì gbé e bí ẹni gbé òkú eku.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan, ìbéèrè náà ò sì kéré. Lọ́jọ́ tí omi bá gòkè ní Ìrẹ̀pọ̀, tí ìran tó ń bọ̀ bá dúró tí wọ́n ń wo ògiri yẹn, tí omijé ọpẹ́ ń dà lójú wọn, kí ni wọ́n máa rí?"

"Páìpù ni, sà," Ògúntúndé dáhùn.

"Jókòó."

Ògúntúndé jókòó.

"Irin ni wọ́n máa rí! Irin dúdú, irin játijàti, tí kò kàwé, tí kò jẹ oyè, tí kò lọ sí Kútọnù! Ta ló gbé omi dé Ìrẹ̀pọ̀? Ṣé irin ni?"

"Rárá o, sà! Ẹ̀yin ni!"

"Ta ló di Àjọ yìí mú tí kò fi wó?"

"Ẹ̀yin ni, sà!"

"Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé irin lẹ fẹ́ kó di páìpù mi mú?"

Irú àsìkò báyìí, ẹni tó bá kọ́kọ́ lanu ló máa jèrè ẹ̀, Bándélé ò sì jẹ́ fi èrè sílẹ̀ fún ẹlòmíì láyé. Ó kúrò lórí àga, ó nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ọ̀gá mi! Baba mi! Ojú yín ló yẹ kó dì í mú! Ojú yín gan-an ni ká fi ṣe kílíìpù!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Ìyá kan lẹ́ka ìnáwó tiẹ̀ nu ojú. Ọ̀gá dijú fún ìgbà díẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Èrò yẹn," ó ní, "ti ń gbé inú mi tipẹ́."

Wọ́n ní ike ni kí wọ́n fi ṣe é, nítorí ike ni wọ́n máa ń tẹ ojú èèyàn sí, ẹni tó ń bá ọ̀gá ṣe abẹ̀bẹ̀ àti ife ní Dùgbẹ̀ sì wà níkàlẹ̀. Ògúntúndé bá tún nàró.

"Sà, ṣùgbọ́n ike..."

"Ike kí ni?" Bándélé bi í látorí kápẹ́ẹ̀tì tó wà.

Ẹ wo ọmọ ẹni ẹlẹ́ni. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní yunifásítì ló dé etí ètè rẹ̀. Ó rántí ìgbéga rẹ̀. Ó wo ojú ọ̀gá. Ó gbé ìmọ̀ rẹ̀ mì gbì bí ẹni gbé kínínì mì.

"Ike kì í dípẹtà, sà," ó ní.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Òkú náà kì í wúkọ́.

Simon ni ọkùnrin tó ń ṣe ike ní Dùgbẹ̀ yẹn. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún fún ojú àwọn tó ṣe òkú, àwọn tó ṣe ìgbéyàwó, àti àwọn tó díje du ipò tí wọ́n fìdí rẹmi. Nígbà tí Bándélé ṣàlàyé iṣẹ́ fún un, ó họ orí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé a kàn fẹ́ kàn án mọ́ ògiri lásán ni àbí ó máa gbé nǹkan?"

"Iyì ló máa gbé."

"Iyì yẹn, báwo ló ṣe wúwo tó?"

"Ìwọ ṣáà ṣe é kó máa dán."

Simon ṣe é, ó sì ń dán lóòótọ́. Ojú ọ̀gá fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀, fìlà rẹ̀ gẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan; etí rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n máa fi súkúrúù kàn mọ́ ògiri, kí páìpù wá gba ẹ̀yìn orí rẹ̀ kọjá lọ sókè. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín dìde, ẹ má sì rò pé ẹ̀fẹ̀ ni mo ń ṣe: Àjọ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lórí ẹ̀rín. Àwọn kan ní kí ọ̀gá yọ eyín, kí aráàlú lè rí ìfẹ́. Àwọn kan ní kó di ẹnu, kí ọ̀tá lè bẹ̀rù. Wọ́n jiyàn títí, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ara wọn láṣọ. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló là wọ́n. Ó ní kí ti ìsàlẹ̀ máa rẹ́rìn-ín, nítorí mẹ̀kúnnù ló ń gba ìsàlẹ̀ kọjá. Kí ti àárín le koko. Ṣùgbọ́n kí ti òkè pátápátá ṣe ojú ìrẹ̀lẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti máa kọ́kọ́ rí i. Nínú gbogbo ìpàdé wọ̀nyí, kò sẹ́nì kan tó béèrè bí omi ṣe wúwo tó.

Ẹnì kan ṣoṣo ló dán an wò, ìyàwó ọ̀gá sì ni. Ọ̀gá mú ọ̀kan lọ sílé láti fi yangàn, Moróunkẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìṣó kàn án mọ́ ògiri ilé ìdáná, ó fi báàgì gààrí kọ́ ọ. Ike náà ṣe pá! Gààrí dà sílẹ̀ yàà.

"Bàbá Tiwátọ́pẹ́, ẹ wò ó fúnra yín. Ojú yín ò gbé gààrí."

Ẹlòmíì ì bá jókòó kó ronú. Ọ̀gá ò jókòó.

"Gààrí nìyẹn," ó ní, "omi ni tèmi. Ìsàlẹ̀ ni gààrí ń wá, òkè ni omi tèmi ń lọ. Ṣé ohun tó bá ń lọ sókè máa ń wúwo ni, Moróunkẹ́? Bó bá wúwo, ṣé ó máa lè lọ sókè?"

Moróunkẹ́ wò ó, ó wò ó, ó tún wò ó.

"Ẹ jẹ́ n lọ mú ìgbálẹ̀," ó ní.

Báyìí ni wọ́n ṣe kàn án. Àwọn púlọ́ńbà gun àkàbà, wọ́n ń kan ọ̀gá mọ́ ògiri Ìrẹ̀pọ̀ látìsàlẹ̀ dókè, Bándélé dúró nílẹ̀ ó ń pariwo pé kí wọ́n má fọwọ́ kan imú. Ìyá Bàdírátù yọjú láti báńkóònì rẹ̀.

"Ọmọ mi, ojú ta lẹ ń kàn mọ́ ilé wa yìí?"

"Ojú Olùdarí Àgbà ni, Màmá," Bándélé dáhùn. "Ẹ ò rí i bó ṣe ń dán?"

"Mo rí i. Ṣé omi á yọ?"

"Màmá, ẹ wo ẹ̀rín yẹn..."

"Mo ní ṣé omi á yọ?"

"Á yọ!"

"Bó bá ti máa yọ, bó bá wù yín kí ẹ fi imú ẹ̀ nìkan dì í. Èmi ò bá ojú ẹnikẹ́ni jà, omi ni mo fẹ́."

Iṣẹ́ parí. Páìpù délẹ̀, táǹkì délẹ̀, pọ́ǹpù délẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ìjọba wa lè máa rò pé wọ́n tan pọ́ǹpù, omi gòkè, ìyá àgbà bu omi mu. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta ló ṣí i? Ta ló gé ríbọ́ọ̀nù? Ibo ni kánópì wà? Ọ̀gá ti ilé pọ́ǹpù pa, ó ní ẹ̀kán omi kan ò gbọdọ̀ gba inú páìpù yẹn kọjá kí Kọmíṣánnà tó ráàyè wá. Kọmíṣánnà ò sì tètè ráàyè. Oṣù kan lọ, òmíràn tẹ̀ lé e, páìpù tuntun dúró gbagidi lójú àwọn ará Ìrẹ̀pọ̀, wọ́n ń gbé kẹ́ẹ̀gì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sókè. Ìyá Bàdírátù bẹ ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ilé pọ́ǹpù pé kó jẹ́ kí òun bu ẹ̀kún kẹ́ẹ̀gì kan péré, ẹ̀ṣọ́ ní òun ò fẹ́ pàdánù iṣẹ́ òun. Màmá gbé òfìfo kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ padà sórí àtẹ̀gùn, inú ń bí i.

Nígbà tí Kọmíṣánnà wá dá ọjọ́, tí ó sì kù sí dẹ̀dẹ̀, Ògúntúndé rọra wọ ọ́fíìsì ọ̀gá, ó ń fi ọwọ́ pa ọwọ́.

"Sà, mo ní bóyá ká fi omi dán an wò díẹ̀ ná kí àlejò tó dé. Ká kàn wò ó ni, sà."

"Ẹnjiníà, ṣé wọ́n máa ń gé kéèkì ìyàwó tọ́ wò kí ìyàwó tó dé?"

"Rárá, sà."

"Ṣé èmi ni mo máa wá gbé omi àjẹkù fún Kọmíṣánnà?"

"Rárá o, sà. Ẹ ṣe é ní aláfíà, sà."

Dípò bẹ́ẹ̀, àtẹ́wọ́ ni wọ́n dán wò. Odidi ọ̀sán kan ni gbogbo òṣìṣẹ́ Àjọ fi pàtẹ́wọ́ lórí ìlà, àwọn ọ̀gá kéékèèké níwájú, àwọn kílákì lẹ́yìn, Bándélé ń gbé ọwọ́ sókè sódò. Àtẹ́wọ́ yẹn dára gan-an. Òun nìkan ni wọ́n yẹ̀ wò kí ọjọ́ tó pé.

Ọjọ́ pé. Kánópì bo gbogbo iwájú ilé, wọ́n sì gbé ti Kọmíṣánnà sábẹ́ páìpù gan-an, kó lè rí ojú ọ̀gá dáadáa. Kọmíṣánnà yìí, Ìyáàfin Ọmọlará Adéróunmú, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Aago ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Bándélé gba máíkì, ó ka oyè ọ̀gá títí oorun fi fẹ́ gbé kánópì lọ. Ọ̀gá wá dìde nínú agbádá funfun, ó na ọwọ́ sí ògiri.

"Ẹ̀yin ará Ìrẹ̀pọ̀! Kí n tó dé, kí ni omi? Omi ò mọ̀nà! Ilẹ̀ ló ń rìn káàkiri bí aláìníṣẹ́! Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gòkè! Mósè lo ọ̀pá, ó lu àpáta. Èmi ò lu nǹkan kan o. Ojú lásán ni mo fi wò ó!"

"Ojú yín tó bẹ́ẹ̀, sà!" Bándélé ké, àtẹ́wọ́ sì dún gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Láti báńkóònì òkè, Ìyá Bàdírátù fi ọwọ́ kan di irin mú, ó ń gbọ́. "Ó dáa," ó ní, "tan nǹkan náà."

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló wọ ilé pọ́ǹpù lọ. Ó tan ẹ̀rọ, ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn pa, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpò ṣòkòtò lábẹ́ agbádá, kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé lọ ya fọ́tò kó ní òun ni òun tàn án. Pọ́ǹpù hó. Omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ń dún gbúlúgbúlú nínú páìpù, ó kọjá àjà àkọ́kọ́, ó ń lọ. Páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

"Ẹ wò ó! Páìpù ń jó!" Bándélé pariwo sínú máíkì. "Ó ń jó fún ọ̀gá wa!"

Ọ̀gá wo páìpù, inú rẹ̀ dùn dé góńgó. Ó ti rí ara rẹ̀ lórí àga yẹn; ó ti ya ọ̀rá kúrò lórí ẹ̀.

Pá!

Ojú ìrẹ̀lẹ̀ tó wà lókè pátápátá ló kọ́kọ́ já. Ó fò sílẹ̀, ó balẹ̀ sáàárín púfú-púfú tó wà níwájú Kọmíṣánnà. Kọmíṣánnà mú un, ó gbọn ṣúgà kúrò lára ẹ̀, ó wò ó.

"Olùdarí, ṣé ẹ̀yin nìyí?"

"Èmi ni, mà. Ẹ má dààmú, mo ṣì kù lókè."

Pá! Òmíràn dé. Pá! Pá! Àwọn ojú tó le koko ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rín ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, imú ń bọ́ sínú ife ohun mímu. Páìpù kúrò lára ògiri. Táǹkì ṣì di orí rẹ̀ mú lókè, ṣùgbọ́n àárín rẹ̀ ti tẹ̀ síta, ó ń fì lórí kánópì Kọmíṣánnà gìì, gìì. Oríkèé rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ sì là, omi ń tú jáde. Àwọn àlejò gbé aṣọ sókè, wọ́n fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Kí ni ọ̀gá rí lásìkò wàràwàrà yẹn? Kì í ṣe èèyàn ló rí o. Ipò ló rí, ipò Akọ̀wé Àgbà tó jókòó sábẹ́ kánópì, tí páìpù fẹ́ wó lù. Ó sáré, agbádá ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó fi gbogbo àyà lu páìpù, ó gbá a mọ́ra, ó tì í padà mọ́ ògiri. Páìpù sì dúró! Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe látìgbà tó ti dé Àjọ.

"Bándélé! Ògúntúndé! Ẹ wá gbà mí o!"

"Ẹ̀yin èèyàn, ẹ wo aṣíwájú!" Bándélé ké nínú máíkì. "Ẹ wo ẹni tó ń fi àyà ara rẹ̀..." Páìpù ké gììì. Bándélé gbé máíkì sórí àga pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì gba ẹ̀yìn ilé lọ. Ògúntúndé ní tirẹ̀ fi fóònù sétí. "Hẹ́lò? Hẹ́lò? Mi ò gbọ́ yín dáadáa," ó ń wí, ó ń rìn, títí tó fi jáde ní géètì. Gbogbo àwọn tó mọ àtẹ́wọ́ pa ló ti rántí pé àwọn ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ ṣe nílé.

Kọmíṣánnà dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń gbọn omi kúrò lára léèsì.

"Olùdarí, mo ní iṣẹ́ tó ṣeé fojú rí ni mò ń wá. Mo ti rí i. Mi ò ní fi ti Akọ̀wé Àgbà kún un fún yín mọ́, mo rí i pé ọwọ́ yín ti kún. Ti ọ́fíìsì yín náà, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ẹlòmíì á ti jókòó síbẹ̀ lọ́la."

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

"Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ dì í mú."

Ó wọ mọ́tò, wọ́n gbé e lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dun Olóyè Oyèkànmí wọra. Ó sunkún, kò tijú ẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó kù tó máa tijú fún. Ì bá fi páìpù sílẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá fi í sílẹ̀, orí ara rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bà lé. Ó wá dúró bẹ́ẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin, omi tútù ń ta sí i lára láti orí dé bàtà.

Ó gbọ́ tí ilẹ̀kùn ń ṣí. Ọ̀kan ṣí lókè, òmíràn ṣí, gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹsẹ̀ ń rìn bọ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹni tó ti bá ìjọba lò pẹ́ kì í ju kẹ́ẹ̀gì nù, kẹ́ẹ̀gì ni gbogbo wọn gbé dání, pẹ̀lú garawa, pẹ̀lú ìkòkò, Ìyá Bàdírátù ló sì ṣáájú wọn, orúnkún rẹ̀ ń dún. Ó tẹ̀ba síbi ẹsẹ̀ ọ̀gá, ó gbé kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ ibi tí omi ti ń tú. Omi náà mọ́ lóló. Ó bu díẹ̀ sọ́wọ́, ó tọ́ ọ wò, ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá," ọ̀gá ní, "ẹ ṣàánú mi. Kọ́kọ́rọ́ ilé pọ́ǹpù wà lápò ṣòkòtò mi. Ẹ bá mi yọ ọ́, kí wọ́n lọ pa ẹ̀rọ yẹn."

Màmá wo àpò. Ó wo àtẹ̀gùn tó máa gùn padà. Ó yíjú wo ìlà àwọn ará ilé tó ti tò dé géètì.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùdarí. Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Látìgbà tí mo ti ń wá sí ọ́fíìsì yín, òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí ẹ ń ṣe."

"Màmá, kọ́kọ́rọ́..."

"Mo gbọ́, a máa yọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká pọnmi tán ná." Ó fa èyí tó kún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti òfìfo bọ ibẹ̀. "Ẹ ṣáà má mì bẹ́ẹ̀ yẹn, ó ń dà nù."